Ìyípadà Tòótọ́ àti Ìyípadà Orí Ahọ́n: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Lẹ́yìn Ìsọjí

Lẹ́yìn gbogbo ìsọjí, ọwọ́ àwa ẹgbẹ́ alábẹ̀wò ni káàdì máa ń já sí: orúkọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, àti àmì tí wọ́n fi bíírò fà síwájú "Mo fi ayé mi fún Jésù lónìí". Àwa la óò wá ilé wọn kiri láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń bi wá jù, lẹ́nu ọ̀nà wọn tàbí lórí WhatsApp lóru. Ẹni tí kò bá ráyè ka gbogbo rẹ̀, kó lọ tààrà síbi tí a ti dárúkọ Sákéù, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Kí lẹ ń pè ní ìyípadà gan-an?

Kí ènìyàn ṣíwọ́ ọ̀nà tó ń tọ̀, kó kọjú sí Ọlọ́run, kó sì máa tọ ọ̀nà tuntun náà. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń rojọ́ níwájú Ọba Àgírípà, ohun tó ní òun ń wàásù kiri nìyẹn: kí wọ́n ronú pìwà dà, kí wọ́n yípadà sí Ọlọ́run, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ tó yẹ ẹni tó ronú pìwà dà (Ìṣe 26:20). Àwa oníwàásù òde òní fẹ́ràn apá méjì àkọ́kọ́. Apá kẹta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ó máa ń kan owó, ó máa ń kan àlè tí ẹnìkan ń fi pa mọ́, ó máa ń kan ilẹ̀ tí a gbà mọ́ àbúrò ẹni lọ́wọ́.

Pípààrọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ là ń sọ. Ẹni tó kúrò ní Áńgílíkà tó wá sí Pẹ́ńtíkọ́sì lè ti yí padà tipẹ́ níbi tó ti ń bọ̀, ó sì lè jẹ́ pé níbi tó dé yìí náà, kò tíì yí padà.

Mo jáde síwájú, mo sì gbàdúrà tẹ̀lé pásítọ̀. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Kò síbi tí a ti kà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì pé Pétérù tàbí Pọ́ọ̀lù ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù máa bọ̀ níwájú, kí àwọn akọrin sì máa kọrin lọ́wọ́. Ẹni tó sọ irú àṣà yìí di gbajúmọ̀ ni Charles Finney, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà. Nígbà ìsọjí tó ṣe ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1830 sí 1831, ó ya ìjókòó sọ́tọ̀ níwájú fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà gún lọ́kàn, kí wọ́n wá jókòó síbẹ̀ kí a lè gbàdúrà fún wọn. Kò burú rárá. Àmọ́ láyé ìgbà náà gan-an làwọn òjíṣẹ́ kan ti ń kìlọ̀ pé bó bá yá, ènìyàn á máa rò pé dídìde lórí ìjókòó nìgbàlà.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ti dé bá wa. A ti kanlẹ̀kùn ẹni tó fa àmì sí káàdì rí, tó bi wá pé: "Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín ìrẹsì níjọ́sí ni?" A kò bínú sí i. Àwa la gbé ìrẹsì síwájú ìwàásù.

Tí ẹ bá jáde síwájú, ẹ dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ yín gbé yín débẹ̀. Ẹ má kàn fi ọjọ́ yẹn ṣe ẹ̀rí tí ẹ ó máa nà síta tí ẹnikẹ́ni bá bi yín nípa bí ẹ ṣe ń gbé lónìí.

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà pọ̀, ara mi gbọ̀n, mo ṣubú. Ṣé ẹ̀rí kọ́ nìyẹn?

Kì í ṣe ẹ̀rí pé ó rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Jonathan Edwards, pásítọ̀ kan ní Northampton, ní Massachusetts, ló fọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́ jù. Ìsọjí ńlá ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ rẹ̀ ní 1734 sí 1735, òmíràn sì tún dé láti 1740. Àwọn ènìyàn ń ké, wọ́n ń wárìrì, àwọn kan ń dákú. Àwọn tí kò fẹ́ràn ìsọjí ní ìwà wèrè ni. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Edwards ní kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fara balẹ̀, pé ara tó ń gbọ̀n kò sọ ohunkóhun nípa ọkàn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó rí i pé àwọn kan lára àwọn tó ké jù ti padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó wá ní òun kò ní gba ẹnikẹ́ni síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́ àfi ẹni tó lè jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ìgbé ayé rẹ̀ kò sì ta ko ìjẹ́wọ́ náà. Ní 1750, ìjọ náà dìbò, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìjọ tó ti sunkún lábẹ́ ìwàásù rẹ̀ ni o.

Nínú Bíbélì pẹ̀lú, ẹkún pọ̀ tí kò bí nǹkan kan. Fáráò sọ lẹ́ẹ̀mejì pé "Èmi ti ṣẹ̀" (Ẹ́ksódù 9 àti 10). Bí yìnyín ṣe dá ló tún sé ọkàn rẹ̀ le. Ésáù wá ìbùkún náà tòun ti omijé. Júdásì kẹ́dùn, ó tiẹ̀ dá owó padà, ó sì lọ pokùn so. Pétérù náà sunkún kíkorò lóru kan náà, àmọ́ òun padà sọ́dọ̀ Ẹni tó ṣẹ̀. Ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù ń pè ní ìbànújẹ́ ti ìwà-bí-Ọlọ́run, ó sì ya ti ayé sọ́tọ̀ pé ikú ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ (2 Kọ́ríńtì 7:10). Ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà ló ń dùn mí ni, àbí ọwọ́ tó tẹ̀ mí?

Kí ló dé tí ẹ kì í yé mẹ́nu ba Símónì ará Samáríà?

Torí pé bí ẹ bá fi ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹlẹ́sìn wa lónìí wọn Símónì, á yege. Ẹ ka Ìṣe orí kẹjọ. Oṣó ni, ìlú ń wárí fún un, wọ́n ń pè é ní agbára ńlá Ọlọ́run. Fílípì dé, ó wàásù, Símónì gbàgbọ́. Lúùkù ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé Símónì pàápàá gbàgbọ́. Ó ṣe ìrìbọmi. Kì í pa ìpàdé jẹ. Kò kúrò lẹ́yìn Fílípì. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́fà nínú ìjọ kan lónìí, ó ti di òṣìṣẹ́.

Ohun tó tú u fó ni owó. Pétérù àti Jòhánù ti Jerúsálẹ́mù wá, wọ́n gbọ́wọ́ lé àwọn ènìyàn, wọ́n sì gba Ẹ̀mí Mímọ́. Símónì yọ owó síta: ẹ fún èmi náà ní agbára yìí. Kò fẹ́ kí ọwọ́ Olúwa bà lé òun; ó fẹ́ kí ọwọ́ tòun náà máa ṣiṣẹ́. Òwò rẹ̀ àtijọ́ ló fẹ́ fi ọjà tuntun kún. Pétérù sọ ọ́ sí i lójú pé ọkàn rẹ̀ kò tọ́ níwájú Ọlọ́run, kó ronú pìwà dà, kó sì gbàdúrà.

Ẹ wo èsì tó fọ̀: "Ẹ gbàdúrà sọ́dọ̀ Olúwa fún mi, kí ọ̀kan nínú ohun tí ẹ sọ má ṣe bá mi." Ọ̀rọ̀ ọkàn ni wọ́n bá a sọ, ọ̀rọ̀ ìyà ló fi fèsì. Bíbélì kò sọ ibi tó já sí, nítorí náà àwa náà kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé Fílípì, ẹni Ọlọ́run, tó rì í bọmi, kò mọ̀. Kí pásítọ̀ yín má bàa máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi jù.

Kí lẹ wá ń wò lára ẹni kí ẹ tó gbà pé ó ti yí padà?

Ọwọ́ rẹ̀. Kí a tó gbọ́ ohun tó ń sọ nínú ẹ̀rí, a máa ń fẹ́ mọ ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe.

Sákéù gun igi síkámórè, Jésù pè é sọ̀kalẹ̀, wọ́n jọ wọlé. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé ó sunkún. Ó dìde dúró ni, ó ní: "Ààbọ̀ ohun ìní mi ni mo fi fún tálákà, bí mo bá sì fi èké gba ohun kan lọ́wọ́ ẹnìkan, mo san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin" (Lúùkù 19:8). Lẹ́yìn gbólóhùn yìí ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé yìí lónìí. Agbowó-orí ni, ibi tó ti ń ṣe é gan-an ló ti yí. Jòhánù Onítẹ̀bọmi náà kò fún gbogbo ènìyàn ní ìdáhùn kan náà. Ó ní kí agbowó-orí má ṣe gbà ju iye tí a là sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ ogun má ṣe fipá gba tọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn tó wọn. Ó ní kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní. Oníkálukú, ibi tó ti ń ṣe tirẹ̀.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní ọjà kan n'Ìbàdàn. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ wò, kò tiẹ̀ dúró kí a bi í ní nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó gbé kóńgò méjì jáde. Ó ní kí a fọwọ́ wá inú ti àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó yọ gọngọ níbi tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ; wọ́n tún ti tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Lójú, kóńgò ni. Tí wọ́n bá kó ẹ̀wà sí i tí wọ́n sì ṣe é ní òkìtì, oníbàárà á máa rò pé òun jàǹfààní. Èkejì jẹ́ tuntun, bébà ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni òun ti ń fi tuntun wọ̀n, òun sì ní láti fi owó lé e díẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti ń kùn pé ìyá yìí wọ́n. Méjì ti yà sọ́dọ̀ ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ṣì ń lo èyí tí wọ́n lù nídìí.

Ìbéèrè tó bi wá ni pé ṣé òun lè sọ fún àwọn oníbàárà ìdí tó fi wọ́n. A ní kí ó sọ ọ́. Ó ní, "Wọ́n á mọ̀ pé mo ti ń yàn wọ́n jẹ nìyẹn." A dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti sọ ọ́.

A kò béèrè bóyá ó mọ Jòhánù 3:16 sórí.

Ṣé iṣẹ́ rere ló ń gbani là nìyẹn?

Rárá. Ìyá yẹn kò fi kóńgò ra ọ̀run. Oore-ọ̀fẹ́ ni, nípa ìgbàgbọ́. Éfésù 2:8 kò fi àyè ìjà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ kẹwàá pẹ̀lú ni, torí gbólóhùn náà kò tíì parí: a dá wa fún iṣẹ́ rere. Jákọ́bù ní àwọn ẹ̀mí èṣù náà gbàgbọ́, wọ́n sì wárìrì.

Láti ìgbà baba ńlá wa la ti ń ṣe onígbàgbọ́. Èmi náà tún nílò ìyípadà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì bínú. A mọyì ìdílé tí wọ́n ti ń kọrin ìyìn ní Abẹ́òkúta láti ìgbà tí Henry Townsend ti kọ́kọ́ débẹ̀ ní 1843. Ogún rere ni. Àmọ́ a kì í jogún ìpàdé ẹni pẹ̀lú Ọlọ́run.

Ẹ wo John Wesley. Ọmọ àlùfáà ni, àlùfáà lòun náà láti 1728. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ó tiẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Georgia, ní Amẹ́ríkà, láti lọ wàásù fún àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun lọ yí àwọn ẹlòmíràn lọ́kàn padà, ta ni yóò wá yí òun padà? Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1738, níbi ìpàdé kékeré kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkàn rẹ̀ móoru, ó sì gbà pé Kristi ti mú ẹ̀ṣẹ̀ òun, àní ti òun, kúrò. Ẹ̀yin ọmọ Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ ọ́n. Bí àlùfáà bá lè nílò rẹ̀, ọmọ ọmọ kátíkíìsì náà lè nílò rẹ̀.

Àwọn tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìjọba, ilé ìwé tàbí iṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn tiwa dáhùn. Ìjẹ̀bú kò gba àwọn míṣọ́nnárì láyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Òyìnbó ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọn. Láìpẹ́ sí i, àwọn ènìyàn ń rọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ sì ń rọ́ wọ mọ́sáláṣí pẹ̀lú. Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé gbogbo ìlú lọ́dún kan náà ni? Ọ̀pọ̀ rò pé Ọlọ́run ẹni tó ní ìbọn tó lágbára báyẹn á lágbára bákan náà. Ọ̀pọ̀ ń wá ìwé kí wọ́n lè kà, kí wọ́n lè ríṣẹ́.

Ní Abẹ́òkúta ní 1849, òdì kejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ tuntun, wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá dúró nígbà yẹn, a kò ní bi í bóyá owó ọ̀yà ló ń wá.

Síbẹ̀, a kò ní sọ pé èké ni gbogbo ti Ìjẹ̀bú. Ìjọ tó ti ibẹ̀ jáde ti bí àwọn ènìyàn tí a kò lè ṣiyèméjì nípa ìgbàgbọ́ wọn. Ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn gbà wọlé kọ́ ló ń sọ ibi tó máa sùn. Ohun tí a máa ń bẹ ẹni tó wá nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí físà ni pé kó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀, kó sì béèrè pé bí iṣẹ́ náà kò bá bọ́ sí i, ṣé òun á ṣì wá lọ́jọ́ Ìsinmi?

Ti èyí tí wọ́n fipá ṣe, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Àwọn ẹni wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, ni wọ́n rì bọmi láìbi wọ́n léèrè. Wọ́n sin Ṣàngó lábẹ́ àwòrán Santa Bárbara. Àwọn kan ń bú wọn pé alágàbàgebè ni wọ́n. Lójú tèmi, ẹni tó fi ẹ̀wọ̀n rini bọmi ló parọ́ níbẹ̀.

Àfẹ́sọ́nà mi ní òun ti di àtúnbí, kí á lè fẹ́ra wa. Ṣé kí n gbà á gbọ́?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyẹn lẹ ṣe ń béèrè. Ẹ sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú díẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ kò sí níbẹ̀: sí ìyá rẹ̀, sí ẹni tó jẹ ní gbèsè, sí ọmọ tó ti bí síta. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń rán an létí ìpàdé, ẹ ti rí èsì.

Ṣé dandan ni kí n jó oògùn, òǹdè àti ìfúnpá tí wọ́n ṣe fún mi?

Tí ẹ bá ti gbára lé e, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Éfésù, àwọn tó gbàgbọ́ jẹ́wọ́ ní gbangba, wọ́n kó ìwé idán wọn jọ, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n ṣírò iye rẹ̀, ó jẹ́ ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìwọ̀n fàdákà (Ìṣe 19:19). Wọn kò tà á fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó ronú pìwà dà. Ní Òkè-Òoyè, Iléṣà, ní 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí tó gba ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn wá, wọ́n sì dáná sun wọ́n.

Iná náà kò tó fúnra rẹ̀ ṣá o. A ti rí ẹni tó jó òǹdè, tó wá sọ òróró àti omi àdúrà di òǹdè tuntun: ọ̀kan nínú mọ́tò, ọ̀kan lábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì lè jáde nílé bí kò bá fi para. Igo ló yàtọ̀.

Ní ti àgbo ibà, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ewé àti egbò tí a sè fún ibà kì í ṣe òrìṣà. A ti rí alábẹ̀wò tó da ìkòkò àgbo ìyá àgbàlagbà nù, a sì ní kó padà lọ tọrọ àforíjì.

Mo ti gba Jésù, mo sì tún ṣubú. Ṣé èké ni tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lóru jù. Ṣíṣubú fúnra rẹ̀ kò sọ pé èké ni. Ẹ ka ìgbésí ayé John Newton dáadáa, kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń gé kúrú lórí pẹpẹ.

Atukọ̀ ni, òwò ẹrú ló ń bá wọn ṣe. Ní oṣù Kẹta 1748, ìjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ri ọkọ̀ wọn lórí Àtìláńtíìkì, ó sì ké pe Ọlọ́run. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ó dà bíi pé ọjọ́ kejì ló fi òwò ẹrú sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣíwọ́ èébú àti ọ̀rọ̀ àlùfààṣá lóòótọ́, ó ń ka Bíbélì, ó ń gbàdúrà. Àmọ́ ó padà sídìí òwò náà. Láàárín 1750 sí 1754 ó di ọ̀gá ọkọ̀, ó sì rìnrìn àjò mẹ́ta tí wọ́n fi ra ènìyàn ní etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí òkè òkun. Ó ń ṣe ìsìn fún àwọn atukọ̀ rẹ̀ lókè ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn baba àti ìyá ẹlẹ́ni wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀. Àìsàn ló mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ní 1754, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn. Ó di àlùfáà ní 1764. Ọdún 1788 ló tó kọ̀wé síta ta ko òwò ẹrú, tó sì jẹ́wọ́ ipa tí òun kó nínú rẹ̀. Ìjì náà ti tó ogójì ọdún nígbà yẹn.

Ṣé èké ni ìyípadà 1748? Newton fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé òun kò lè pe ara òun ní onígbàgbọ́ ní kíkún àfi lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ sí ọjọ́ ìjì náà. Mo rò pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bó ṣe pẹ́ tó ṣe àwáwí, torí àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ló san owó ìfàsẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ṣubú, ohun tí ẹ máa wò ni bóyá ẹ ń dìde, àti bóyá ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ń di àjèjì sí yín. Ẹni tó ṣubú tó sì tẹ́ ẹní síbẹ̀, tó ní "ara ni", òun ni ọkàn wa kò balẹ̀ lé.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ àti wákàtí tí mo yí padà?

Rárá. Pọ́ọ̀lù mọ tirẹ̀. Ti Lídíà, a kàn ní Olúwa ṣí i lọ́kàn ni. Tímótì ti mọ Ìwé Mímọ́ láti kékeré, kò sì sí ibi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ kò fi rì mí bọmi lójú ẹsẹ̀? Ìwẹ̀fà ará Etiópíà kò dúró.

Òótọ́ ni, onítúbú ìlú Fílípì náà kò dúró, àwọn ìjọ kan sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láìṣẹ̀. Àwa máa ń dúró kí ẹ lọ kíláàsì. Ẹ wo Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Òyìnbó gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó dé Sàró, ó kọ́ ìwé, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825 ni wọ́n tó rì í bọmi. Ní 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí ìyá ti gbà pé ó ti kú, tó dé pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ìyá náà ì bá ṣe ohunkóhun tí ọmọ yẹn bá ní kó ṣe lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà kò sì fi ayọ̀ yẹn mú un: oṣù Kejì 1848 ni ìyá tó ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà.

Pásítọ̀ tó jí mi dìde lórí àìsàn wá hùwà burúkú. Ṣé ìwòsàn mi náà ti di èké nìyẹn?

Ìwòsàn yín jẹ́ ti Ọlọ́run. Ní ti pásítọ̀, ẹ ka Mátíù 7:22 àti 23: wọ́n sọ tẹ́lẹ̀, wọ́n lé ẹ̀mí èṣù jáde, wọ́n ṣe iṣẹ́ ìyanu, Jésù kò sì jiyàn pé wọn kò ṣe é. Ó ní òun kò mọ̀ wọ́n rí ni. Bí ìwà náà bá jẹ́ ti ọ̀daràn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà ìjọ kì í ṣe ilé ẹjọ́.

Ọmọ mi ní òun ti yí padà, àmọ́ n kò gbà á gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fún un láyè, kí ẹ sì má fún un ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Méjèèjì lè jọ wà. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù, gbogbo àwọn ọmọ ẹ̀yìn ló ń sá fún un, wọn kò gbà pé ó ti di ọmọ ẹ̀yìn (Ìṣe 9:26). Wọn kò ṣe àṣejù. Òun ló ń kó wọn sẹ́wọ̀n. Bánábà ló mú un lọ́wọ́, tó bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn àpọ́sítélì. Ẹ wá ẹnìkan tó lè ṣe Bánábà fún ọmọ yín, tí kì í ṣe ẹ̀yin òbí, torí ojú yín ti rí tó. Ẹ má sì máa ka ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ sí i lára níwájú àwọn àbúrò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá pẹ́ wọlé.

Mo fẹ́ dá owó tí mo jẹ padà, àmọ́ ẹni tó ni ín ti kú. Ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Númérì 5 ti sọ ọ́: kí ẹni tó ṣẹ̀ jẹ́wọ́, kó san ojú owó, kó fi ìdá márùn-ún rẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ìbátan tí a lè san án fún, kí ó di ti Olúwa, lọ́dọ̀ àlùfáà. Nítorí náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ má fò wọ́n dá, kí ẹ wá sáré gbé owó náà wá sínú àpótí ọrẹ. Ìjọ tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ olówó wà láyé ti di alábàápín.

Bí owó náà bá pọ̀ ju agbára yín lọ, ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá lè gbé yín dé ilé ẹjọ́, ẹ wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó lọ, ẹ kàn má fi ìyẹn ṣe ìdí láti má lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹrù ni ẹ tà fún ọgọ́rọ̀ ènìyàn tí ẹ kò mọ ojú wọn, bíi ti ìyá ẹlẹ́wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oníbàárà tó ń bọ̀ lọ́la. Nígbà tó ṣe, ìyá náà máa ń bu ìkúnwọ́ kan kún un fún gbogbo ẹni tó bá rántí pé òun ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́.